Àbẹ̀kẹ́, ìwé wa ti rí òkun

Ìyànà-Ìpájà,
Èkó.
Ọjọ́ 14, oṣù kejì, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Ìbùkún ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù o. Ọ̀rọ̀ tí o sọ pé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní oṣù kejìlá, oòrùn Glasgow ti wọ̀, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Kí èèyàn jí bọ́ sínú òkùnkùn, kó lọ síbi iṣẹ́, kó tún bá òkùnkùn bọ̀ wálé! Ọlọ́run á máa fún yín lókun.

Ìbéèrè tí o bi mí lọ́jọ́ ọdún tuntun ni mo fẹ́ dáhùn. O ní, "Àṣàkẹ́, pẹ̀lú bí gbogbo nǹkan ṣe gbówó lérí yìí, kí ló tún ń múnú yín dùn nílé?" N kò tíì la ẹnu tí fóònù fi já. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri. Mo ń gé aṣọ, mo ń rò ó. Mo ń fọ abọ́, mo ń rò ó. Mo wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ WhatsApp, torí ó gùn, mo sì fẹ́ kí o rí i mú lọ́wọ́, kí o jókòó tì í. Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ lọ́hùn-ún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú gàrí Ìjẹ̀bú àti nǹkan kan tí n ó sọ tó bá yá.

Láàárọ̀, kí n tó ṣí sọ́ọ̀bù, mo máa ń yà lọ́dọ̀ ìyá alákàrà tó wà ní ìkángun àdúgbò wa. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni mo máa ń ra àkàrà sínú ọ̀rá, màá sáré lọ. Kí n tó ráyè jẹ ẹ́, ó ti tutù, ó ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. N kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn, wọ́n á kó o látinú agbada sínú abọ́ mi, tó ṣì ń ta sáà, màá tú ẹ̀kọ látinú ewé, màá sì rọra jẹ ẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí oníbàárà bá ń pè mí lásìkò yẹn, á ní sùúrù. Àbẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn máa ń gbé mi dé ọ̀sán.

Àsìkò àgbálùmọ̀ náà la wà yìí. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, torí mo mọ bó ṣe máa ń rí lára rẹ. Lánàá, mo jẹ mẹ́fà lórí ìjókòó kan, èyí tó kan lẹ́nu, irú èyí tí ìwọ fẹ́ràn, mo sì jẹ èèpo rẹ̀ títí tó fi di ṣingọ́ọ̀mù bí a ti ń ṣe ní ilé ìwé.

Ìwé gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ǹjẹ́ o rántí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ wa? Èyí tí a dá owó rà, ìdajì tìrẹ, ìdajì tèmi, tó ń sùn lọ́dọ̀ rẹ ní ọ̀sẹ̀ kan, tó ń sùn lọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ kejì? Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ya, mo gba abẹ́rẹ́ ìyá mi, mo fi òwú dúdú rán an. Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo rán láyé mi nìyẹn. Òwú náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, kò tíì já.

Ọdún pọ̀ tí mo fi tọ́jú ìwé yẹn sínú àpótí ní sọ́ọ̀bù bí ẹni tọ́jú àwòrán òkú ọ̀run. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, n kì í ṣí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ tó kọjá, òjò ń rọ̀, iná lọ, kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, a kò sì lè lọ sílé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, fóònù wọn ti kú, wọ́n kàn ń wo òjò. Mo bá tan iná tọ́ọ̀ṣì kékeré, mo wọ́ ìwé náà jáde, mo ní kí n kà díẹ̀ fún wọn kí òjò tó dá.

Òjò dá, wọn ò dìde. "Ẹ máa kà á lọ, àǹtí."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, tí a bá ti kó aṣọ nílẹ̀ ní aago mẹ́fà, a máa ń ka ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bàbá tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ wa gbọ́ ohùn, wọ́n gbé àpótí wọn súnmọ́ ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó ń ta ọ̀dùnkún tẹ̀lé wọn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀yìn náà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí nínú ìwé ọ̀hún fúnra rẹ̀, àbí o ti gbàgbé? Nígbà tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn náà, kọ́kọ́ wá, akọ̀wé nìkan ló ń gbọ́ ọ. Kó tó di ìgbà díẹ̀, èrò ti ń wọ́ tẹ̀ lé ara wọn wá gbọ́ ìtàn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, tí mo gbójú sókè, tí mo rí bàbá onítáyà, ọlọ́dùnkún àti àwọn ọmọ, orí mi wú.

Àwa tí a fi ojú kà á ní kékeré, a kò jẹ ẹ́ tán, Àbẹ̀kẹ́. Ẹnu la fi ń jẹ Fágúnwà. Olùkọ́ ni wọ́n nígbà tí ìwé náà jáde ní 1938, ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, mo sì gbà pé ẹni tó mọ bí kíláàsì ṣe ń pa lọ́lọ́ tí ìtàn bá dùn ló lè to ọ̀rọ̀ báyẹn. Gbólóhùn tí mo rò pé ó gùn jù nígbà tí mo ń dá a kà, bí mo bá ké e síta, ṣe ni yóò máa gbé ara rẹ̀ lọ bí ìlù. Bàbá onítáyà kò mọ̀wé, àmọ́ àwọn ni wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Mo lè bá ọ̀rọ̀ kan pàdé kí n dúró, wọ́n á ní, "Ọ̀rọ̀ ọdẹ nìyẹn, bàbá mi máa ń sọ ọ́," wọ́n á sì wá sọ ti bàbá wọn fún wa kí a tó padà sínú igbó irúnmalẹ̀. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ wà níbẹ̀ yẹn. Ohun tó ń múnú mi dùn ni kí ẹnìkan gbọ́ nǹkan kan pẹ̀lú mi.

Àgbà nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi la sọ ní Olóhùn-iyọ̀, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ògbójú tó lọ sí Òkè Lángbòdó nínú ìwé náà, nítorí orin kì í tán lẹ́nu rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, aṣọ òkè ni ìdílé wọn ń hun. Ó pé ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi ní oṣù kejìlá, ó sì tó kí a ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Mo bi í pé irú ìnáwó wo ló fẹ́. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, mo fẹ́ rí òkun."

Mo ní ọdún mẹ́ta ní Èkó ńkọ́? Ó ní omi tí òun ń rí lábẹ́ afárá Third Mainland ni òun rò pé ó jẹ́ òkun, àfìgbà tí bàbá onítáyà sọ fún òun pé ọ̀sà ni.

Ní Sátidé kejì oṣù kìíní, a lọ sí Àgbádárìgì. Aago mẹ́fà la ti kúrò, a gba Ìgàǹdó sí Ìyànà-Ìba. Ọ̀nà náà kò dára tán, ó sì lé ní wákàtí mẹ́ta kí a tó dé. A wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, tó kọjú sí ọ̀sà, tí wọ́n sọ fún wa pé ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti ṣiṣẹ́ lórí Bíbélì Yorùbá. Bó bá ṣe èmi nìkan ni, ǹ bá pẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ojú Olóhùn-iyọ̀ ti wà lórí omi.

A wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gbèrèfù. Wọ́n wọ̀ wá ní jákẹ́ẹ̀tì olómi-ọsàn, síbẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe bú ni Olóhùn-iyọ̀ di ọwọ́ mi mú, ó di ojú, kò ṣí i títí a fi gúnlẹ̀. Bàbá Ègùn kan ló mú wa rìn. Ọ̀nà tí wọ́n ń mú àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun ni, yanrìn ni gbogbo rẹ̀, igi àgbọn wà lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n fi kànga kan hàn wá, wọ́n ní wọ́n á fún àwọn ẹrú ní omi ibẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa mọ́. Olóhùn-iyọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀, ó fọwọ́ mú un, àwa yòókù náà bọ́ tiwa.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún ọ. Mo dúró lójú ọ̀nà yẹn, mo ń bi ara mi pé ṣé ó tọ́ kí a wá ṣe fàájì níbi tí ẹlòmíràn ti sunkún dágbére. Bàbá tó ń mú wa lọ ni mo bi. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn sí, ibẹ̀ làwọn ti gbé ìyàwó, pé omi yẹn ti rí tọmọdé tàgbà, pé kí a kí àwọn tí wọ́n kó lọ ká tó ṣeré. A sì kí wọn. A dúró ní ìdí ẹnubodè tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, mo gbàdúrà kékeré, mo rántí pé lára ìran àwọn tí wọ́n kó ní etíkun wa yìí ló ṣì ń pe Yemọja ní Bahia ní Brazil dòní. Orúkọ yẹn bá wọn dé ọ̀hún. Omi kànga kò rí i gbà.

Lẹ́yìn náà la wá rí òkun.

Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́? Ọmọ tí kì í dákẹ́ dákẹ́. Ó dúró gbagidi, ìgbì wá, ó bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa yanrìn lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó tún wá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yíjú sí mi. "Àǹtí, ó ń mí."

Ó ń mí lóòótọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń rí òkun, n kò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

A kò lúwẹ̀ẹ́. Bàbá náà ti kìlọ̀ pé etí omi ibẹ̀ jìn lójijì, omi tó ń padà sì lè gbé àgbàlagbà lọ. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Inú omi tí kò kọjá orúnkún la ti ṣeré, a pariwo, a rin gbingbin, aṣọ wa kún fún iyọ̀. Wọ́n bẹ́ àgbọn tútù fún wa, a mu omi rẹ̀, a sì jókòó lábẹ́ igi, a ṣí kúlà, a jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹja díndín. Nígbà tí a yó tán, àwọn ọmọ yìí wo ojú mi. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Mo mú ìwé wa jáde nínú báàgì.

Ibi tí àwọn ògbójú ti ń múra ìrìn àjò Òkè Lángbòdó ni mo kà. Ariwo òkun pọ̀, ṣe ni mo ń ké. Afẹ́fẹ́ ń ṣí ewé kí n tó kà á tán, ọmọ iṣẹ́ mi kékeré fi ọwọ́ méjèèjì di etí ìwé mú fún mi. Nígbà tí mo dé orí orúkọ Olóhùn-iyọ̀, olóhùn-iyọ̀ tiwa dìde, ó kọrin. Àwọn apẹja kan tó ń fa àwọ̀n ní ìsàlẹ̀ etí omi jùwọ́ sí wa.

Nígbà tí a ń padà, kò di ọwọ́ mi mú mọ́. Etí ọkọ̀ ló jókòó sí, ó na ìka sínú ọ̀sà, ó ń fi omi ya ilà lọ. Ó ní, "Àǹtí, òwe yẹn mà jóòótọ́ o, ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù."

Ìwọ náà sọ fún mi nígbà kan pé ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí etí òkun ní Ayr nínú oṣù keje, kóòtù sì wà lọ́rùn yín. O sọ ọ́ kọjá ni, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa. Kí lẹ jẹ? Ṣé Ìbùkún wọ inú omi? Kọ ọ́ sínú ìwé, má fi fóònù sọ ọ́.

Nǹkan tó wà nínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ gàrí ni ìwé wa. Mo ti ra tuntun fún sọ́ọ̀bù, ọ̀sẹ̀ tìrẹ ti tó, ó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ mi. Kà á síta fún àwọn ọmọ náà, kódà bí wọn kò bá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ohùn rẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Yanrìn Gbèrèfù wà láàárín ojú ewé ibi tí mo kà. Má gbọ̀n ọ́n dànù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Bá mi kí Bàbá Ìbùkún.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́.