Ṣọ́ọ̀kì nìkan kọ́ ni iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí sí ojú ìwé lẹ́tà yín. Ó ti mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu láti máa sọ pé olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, ṣọ́ọ̀kì nìkan ló mọ̀ ọ́n dì mú, pé yunifásítì ńlá tí ẹ̀rọ olówó gọbọi kún inú rẹ̀ ni ìwádìí wà. Àwọn olùkọ́ mìíràn pàápàá ti gbà á gbọ́, wọ́n sì ti fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsí ẹ̀rọ ńlá kọ́ ló sábà máa ń pa ìwádìí ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń pa á ni ìbéèrè tó ju agbára lọ, ẹ̀rọ kékeré tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú, àti ọgbọ́n iṣẹ́ tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé lọ́jọ́ tó bá jáde.

Ní ọdún 1935, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì méjì, Percy Julian àti Josef Pikl, ń ṣiṣẹ́ ní DePauw, ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Indiana, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń wá ọ̀nà láti fi ọwọ́ ara wọn ṣe physostigmine, oògùn ojú tó wà nínú ẹ̀wà Kàlàbá. Robert Robinson ní Oxford, yunifásítì ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó wá gba ẹ̀bùn Nobel ní 1947, ti kọ́kọ́ kéde pé òun ti ṣe èròjà kan tó kù díẹ̀ kó di oògùn náà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ooru tí èròjà Oxford fi ń yọ́ kò bá ti Julian mu. Julian kọ ọ́ jáde láìfòyà pé ti àwọn ni ojúlówó, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ohun tí wọ́n fi ń wo irú ìwọ̀n ooru bẹ́ẹ̀ kò ju tẹmómítà, ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín àti nǹkan tó ń gbóná díẹ̀díẹ̀ lọ.

Nítorí náà, orí ìbéèrè ni kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kó sì ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò ṣe ń ṣírò ọjà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kíláàsì mìíràn lọ́rùn kò lè fún ìwádìí ní ju wákàtí 6 lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ 12, wákàtí 72 nìyẹn. Bí a bá yọ èyí tó fi kọ́ iṣẹ́, èyí tó fi fọ ìgò àti èyí tó fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ìdajì ló máa ń ṣẹ́ kù. Ìbéèrè tí wákàtí 36 kò bá lè dáhùn, ẹ gé e kù, tàbí kí ẹ pín in fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí yóò máa tẹ̀ lé ara wọn.

Ohun kan wà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré fi ju yunifásítì ńlá lọ, tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Owó ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá sábà máa ń parí láàárín ọdún mélòó kan, ìbéèrè á sì yí padà pẹ̀lú owó. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè wà lójú kan fún 20 ọdún. Bó bá ń wọn fosféètì (èròjà tó ń bọ́ ohun ọ̀gbìn) inú odò kan ṣoṣo, ní ibi kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì ń fi sẹ̀mẹ́sítà tirẹ̀ kún un, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó ti ní ohun tí àwọn ẹlẹ́rọ ńlá yóò wá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àyẹ̀wò fosféètì yìí dára fún àpẹẹrẹ, nítorí ó rọrùn, ó sì rọrùn láti bà jẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ fọ ìgò rẹ̀ láé. Fosféètì máa ń wà nínú àwọn ọṣẹ kan, ọṣẹ yín ni ẹ ó sì máa wọ̀n dípò odò. Ásíìdì hydrochloric tí a là sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi omi distilled (omi tí a sè, tí a sì gbe oru rẹ̀) ṣàn án dáadáa. (Inú omi ni a ń da ásíìdì sí, a kì í da omi sínú ásíìdì.) Kété tí ẹ bá ti bu omi odò, ẹ fi asẹ́ oníhò 0.45 maikromítà sẹ́ ẹ, torí àwọn ohun abẹ̀mí inú omi náà yóò máa jẹ fosféètì lọ bí ẹ bá fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti po èròjà molybdate àti ascorbic acid mọ́ ọn, àwọ̀ aró yóò yọ. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ kà á ní 880 náànómítà, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú 30. Omi márùn-ún tí ẹ ti mọ iye fosféètì inú wọn, pẹ̀lú ọ̀kan tí kò ní rárá, ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Bí absorbance (bí omi náà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra tó) bá kọjá 1.0, ẹ bu omi là á kí ẹ tún un kà: níbẹ̀, ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ló ń dé òdìkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tí kò lágbára púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í méfò.

Ẹ̀rọ kékeré ló ń tú àṣírí láàbù. Mítà pH, tó ń wọn bí omi ṣe kan tó, ni wọ́n ń fìyà jẹ jù. Inú omi distilled ni ọ̀pọ̀ ń fi ẹnu rẹ̀ sí, wọ́n rò pé ìmọ́tótó ni. Omi náà a máa fa iyọ̀ inú rẹ̀ jáde, mítà á wá di onílọ́ra tí kò dúró lójú kan. Inú omi iyọ̀ potassium chloride 3 M ló yẹ kó máa sùn. Ẹ fi bọ́fà (omi tí a ti mọ pH rẹ̀) 7 pẹ̀lú 4 tàbí 10 tún un ṣe láràárọ̀ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, kí ẹ má sì da èyí tí ẹ ti lò padà sínú ìgò rẹ̀. Ní ti pipette, ohun tí a fi ń fa omi ní ìwọ̀n, ẹ fa 1000 maikrolítà omi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n: ní 20°C, ó yẹ kó máa sún mọ́ gíráàmù 0.998. Èyí tó bá ń fò sókè sódò, rọ́bà inú rẹ̀ ló ti gbó tàbí kí orí rẹ̀ máà wọ̀ dáadáa.

Bí ọwọ́ ọmọdé ò bá tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrèǹgbè: olùkọ́ ló mọ ìbéèrè, akẹ́kọ̀ọ́ ló ní ọwọ́ àti àsìkò. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ á lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oníránpọ̀, tí ojú ìwé rẹ̀ ní nọ́ńbà, bírò ni kó fi kọ ọ́, kó má fa ìwé ya, kó sì fa ìlà kan ṣoṣo lórí àṣìṣe kí a ṣì lè rí i kà. Kó tó lọ, kó kọ ọ̀nà iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ẹni tuntun fi ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, kí òun má sì sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹni tuntun bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni ìwé náà ti lihò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn méjèèjì fi wà pọ̀ ju oṣù mẹ́ta tí ẹni tuntun yóò fi dá tàràrà lọ. Kí ẹ sì ti fẹnu kò lórí orúkọ ẹni tí yóò ṣáájú nínú àpilẹ̀kọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìjà rẹ̀ kì í dùn lẹ́yìn.

Ibi tí a ó ti tẹ iṣẹ́ náà jáde ni àwọn ọlọ́gbọ́n ń ṣubú sí. Jọ́nà (ìwé tó ń tẹ ìwádìí jáde) tó bá fi ímeèlì yìn yín bí ọba, tó ní òun á gba àpilẹ̀kọ yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tó sì fi iye owó pamọ́ títí ẹ ó fi fọwọ́ sí i, gbájúẹ̀ ni. Àyẹ̀wò tòótọ́ látọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín a máa gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn oṣù. Ẹ mú àpilẹ̀kọ mẹ́ta tí jọ́nà náà ti tẹ̀, ẹ wò ó bóyá DOI wọn, nọ́ńbà tí a fi ń wá àpilẹ̀kọ lórí ayélujára, ń ṣiṣẹ́. Ẹ kàn sí ọ̀kan nínú àwọn olóòtú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan kò mọ̀ pé wọ́n ti kọ orúkọ àwọn síbẹ̀. Bó bá ní òun jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo òǹkàwé, ẹ wá a nínú DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà ọ̀fẹ́ tó ti wà láti 2003.

Ẹjọ́ tó kù, ọwọ́ àwọn aláṣẹ ló wà. Fọ́ọ̀mù ìgbéga ń béèrè iye àpilẹ̀kọ, kò béèrè nǹkan mìíràn. Frank Jewett kọ́ Charles Hall ní kẹ́místrì ní Oberlin, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Amẹ́ríkà, ó yá a ní irinṣẹ́, ó sì ń dá a lóhùn lórí aluminium títí ọmọ náà fi rí ọ̀nà tí a fi ń fi iná mànàmáná yọ ọ́ jáde ní February 1886, kò tíì pé ọdún kan tó jáde. Ojú ibo ni Jewett ì bá kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù wa? Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ tọ́ sọ́nà, fún àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn tó bá jọ́nà yẹ̀ wò, fún ẹ̀rọ tó tún ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, wákàtí 3 nínú láàbù ni wọ́n ń kà sí wákàtí 1, láìka èyí tí a fi po èròjà àti èyí tí a fi dán an wò kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé.

Bí wọn kò bá sì lè ṣe gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sán kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ tí kíláàsì kankan kò ní já. Wákàtí márùn-ún tí a fọ́n káàkiri ọ̀sẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Àyẹ̀wò fosféètì tí a sọ lókè yìí, láti orí sísẹ́ omi dé orí kíkà, gba nǹkan bíi wákàtí 4. Ẹni tó ní wákàtí kan láàárín kíláàsì méjì kò ní tíì po omi márùn-ún àkọ́kọ́ tán tí agogo á fi lù.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kọ́lẹ́ẹ̀jì