Ta Ni Yóò Fún Wa Ní Rísíìtì Owó Ìgbàlejò Ìdánwò?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn òbí létí, pàápàá jù lọ àwa tí ọmọ wa wà ní SS3 ní Ṣàgámù, Ìpẹru, Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè wọn, kí ìdánwò WAEC àti NECO mìíràn tó wọlé dé.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ kan tí mo jókòó sí ní Rẹ́mọ níhìn-ín, wọ́n pín bébà owó ìdánwò fún wa. Owó ìforúkọsílẹ̀ wà lórí rẹ̀, owó fọ́tò wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ àṣewò sáyẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wá kọ "ìgbàlejò" sí, iye tí ó sì wà níwájú rẹ̀ ju iye ìforúkọsílẹ̀ lọ. Bàbá kan dìde, ó béèrè irú àlejò tí ń jẹun tó bẹ́ẹ̀. Akápò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, sà." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, a sì kọjá sí ọ̀rọ̀ aṣọ tí àwọn ọmọ yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìdágbére. Àwọn òbí tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Ògèrè àti Ìjẹ̀bú-Igbó sọ fún mi pé irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ nìkan ni ó yàtọ̀: àwọn kan ń pè é ní owó ìfọwọ́sowọ́pọ̀, àwọn kan sì ń pè é ní owó "runs" láìfi bò rárá.

Alábòójútó ìdánwò ni àlejò tí wọ́n ń sọ, ó sì yẹ kí a mọ ohun tí owó yìí ń rà. WAEC máa ń ti ìwé ìbéèrè mọ́ ibi ìpamọ́ tí ẹ̀ṣọ́ wà, láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò kọ̀ọ̀kan ni alábòójútó, ìyẹn súpáfáísọ̀, tí ó jẹ́ olùkọ́ láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, yóò sì lọ gba àpò tí ó jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn án sí. Ojú àwọn ọmọ ni ó gbọ́dọ̀ ti já àpò náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Olùkọ́ tí ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ yàrá ìdánwò, fóònù kò sì gbọ́dọ̀ wọlé. Ètò tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ọrùn ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbé àpò ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí ẹni náà bá ti jẹ owó ìgbàlejò, àpò yóò já kí aago tó lù, fóònù yóò ya ìbéèrè, olùkọ́ kan yóò jókòó sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì, yóò máa ṣe é, kò sì ní pẹ́ tí bébà tí kò tóbi ju tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ yóò fi máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ nínú yàrá: 1 A, 2 C, 3 C, 4 B. Ọmọ tí ó kàwé lóru àti ọmọ tí ó sùn yóò jọ kọ ohun kan náà sílẹ̀.

Ohun tí WAEC ṣe ní ọdún 2025 ni ó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàólọ́jì àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé, wọ́n da ètò àwọn ìbéèrè "objective" rú, tí ó fi jẹ́ pé ìbéèrè kẹta lọ́wọ́ ọmọ kan lè jẹ́ ìkọkàndínlógún lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó tì í. Lójú tèmi, kò sí ohun tí ó gbọ́n tó o láti ìgbà jìbìtì "Expo" ọdún 1977, nígbà tí ìbéèrè WAEC jò. Òfin ti kọ́kọ́ gbìyànjú: àṣẹ ológun ọdún 1984 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 21 halẹ̀ mọ́ àwọn oníjìbìtì ìdánwò, síbẹ̀ jíwèéwò ń gbilẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí bébà àwọn ọmọ kò bá jọra, kí ni olùkọ́ tí ó jókòó sẹ́yìn ọ́fíìsì fẹ́ kọ ránṣẹ́?

Lóòótọ́, wàhálà bá ètò náà. Nígbà tí èsì kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yege nínú iṣẹ́ márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni WAEC tún jáde wá wí pé ìdáhùn tí kò bá bébà mu ni àwọn fi máàkì "objective" Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tún un ṣe di 62.96. Ẹ wo iye ọmọ tí ó ti sunkún láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn! Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ pé kí wọ́n pa ìdàrú ìbéèrè náà tì. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Ibi ìmáàkì ni àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti da ìbéèrè rú. Kí WAEC yẹ máàkì wò dáadáa kí èsì tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti jáde, kí wọ́n sì máa bá ètò náà lọ.

Ibi tí ó kù sí ni ìbéèrè tíọ́rì, nítorí ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń kọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, WAEC sún Gẹ̀ẹ́sì síwájú nítorí kí ìbéèrè má bàa jò, ilẹ̀ sì ṣú mọ́ àwọn ọmọ ní ibi púpọ̀, iná tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìjọba àpapọ̀ ní kọ̀ǹpútà ni òun fẹ́ kí wọ́n máa lò láti ọdún 2026 lọ. Ó dára, bí iná bá wà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà pàápàá yóò ní alábòójútó, alábòójútó náà yóò sì jẹ́ àlejò.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bá àwa òbí wí. Àwa Ìjẹ̀bú kì í fi owó ṣeré. Bí a bá dá owó aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, fún Ojúde Ọba, tí ó sì sábà máa ń bọ́ sí àsìkò ìdánwò yìí láti bí ọdún mélòó kan, akápò tí kò bá lè sọ iye tí wọ́n ra aṣọ ní ọ̀pá kan kò ní sùn lóru ọjọ́ náà. Owó ìgbàlejò nìkan ni a ń san tí a kì í béèrè rísíìtì. Bẹ́ẹ̀ sì ni bí wọ́n bá da èsì àwọn ọmọ dúró, bí wọ́n ti dá ti àwọn ọmọ tí ó lé ní 190,000 dúró ní ọdún 2025, kò sí ẹni tí yóò dá owó náà padà.

Mo rọ ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mosàn, Abẹ́òkúta, kí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, pé owó kan tí ó bá jẹ mọ́ súpáfáísọ̀ kò gbọ́dọ̀ sí lórí bébà tí wọ́n ń fún òbí, kí wọ́n sì máa yan àwọn alábòójútó láti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, kí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọn yóò lọ má sì jáde títí di ọjọ́ tí ó kángun sí ìdánwò. Kí àwa náà tó san owó, ní ìpàdé tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè rísíìtì tí orúkọ ẹni tí ó gba owó ìgbàlejò wà lórí rẹ̀. Bí wọn kò bá lè kọ ọ́, kí a yọ ọ́ kúrò nínú àròpọ̀ níbẹ̀, kí a san ìyókù.

Èmi ni,
Òbí kan,
Ìpẹru-Rẹ́mọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn.