Sí Àǹtí mi ní Ṣómólú: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì dísìkì kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù

Manchester

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn oníbàárà. Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Mo gbọ́ gbogbo ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú fáìlì ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kò gbéra mọ́, pé dísìkì kan nínú méjì tó ń gbé iṣẹ́ yín pamọ́ ti kú, pé kí n fi owó kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́, títí kan èyí tí ẹ ti ní owó pọ́n-ùn ti dí mi létí. Kò dí mi létí rárá. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó yìí, inú lọ́kà ni fóònù wa sì máa ń wà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tí mo bá délé, oorun ló máa ń gbé mi lọ. Ẹ má rò ó sí nǹkan mìíràn.

Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́máàtì dísìkì tó kù yẹn, ìyẹn ni pé kí wọ́n má nù ún kúrò bíi tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná níbi tí ẹ kà á dé yìí, kí ẹ pe ọmọ yín ní ṣọ́ọ̀bù. Kí ó yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà Windows tí wọ́n so ó mọ́, kí ó dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀, kí ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá ka ìyókù.

Ṣé ẹ ti pè é? Ó dáa.

Mo rí fọ́tò méjì tí ó fi ránṣẹ́. Èkíní ni ti kọ̀ǹpútà ńlá fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú dúdú, wọ́n wá kọ ọ́ ní funfun pé "Reboot and Select proper Boot device". Èkejì ni ti Windows tó ń sọ pé "You need to format the disk in drive E: before you can use it", ọwọ́ ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sì wà lórí mouse. Ọwọ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ohun tí wọ́n kọ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti èkejì ná, torí òun ni wọ́n fi sọ fún yín pé iṣẹ́ gbogbo oníbàárà ti ṣègbé. Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì yẹn, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń ṣe. Debian ni orúkọ èyí tí a lò. Windows kò mọ bí Linux ṣe ń to nǹkan sórí dísìkì. Tó bá sì rí ohun tí kò mọ̀, kì í sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, ṣe ló máa ń ní kí ẹ jẹ́ kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì bá a pàdé rí á rò pé dísìkì náà ṣófo. Kò ṣófo. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìkórè tí ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ń pariwo lé yín lórí, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, Àǹtí. Àfi tí ẹnì kan bá lọ tẹ "Format" yẹn.

Ẹ wá ní, ṣebí èmi ni mo sọ pé dísìkì méjì ni, pé tí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ. Èmi ni mo sọ ọ́, mo sì tún ń sọ ọ́. RAID 1 ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá kó sórí ọ̀kan, lójú ẹsẹ̀ náà ni ó ń lọ sórí èkejì. Iṣẹ́ yín tó wà lórí èyí tó kù lónìí kò fi ẹyọ lẹ́tà kan dín sí ti èyí tó kú. Nítorí náà, ohun tí mo sọ ṣẹ. Ohun tí ẹ ò rántí ni pé dísìkì méjì tí mo fi síbẹ̀ kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, èyí tó wà nísàlẹ̀ bàjẹ́. Ẹ ò pè mí. Ọ̀gá yìí náà lẹ pè, ó ra òmíràn, ó fi sí i, iṣẹ́ ń lọ, inú gbogbo yín dùn. Nígbà tí mo wá gbọ́, mo béèrè lórí fóònù pé ṣé ó fi boot, ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà dìde, sórí tuntun náà? Ẹ ní ó ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Mo tún un béèrè. Ẹ ní kí n jẹ́ kí àwọn tó wà nílé ṣe iṣẹ́ wọn. Mo dákẹ́, torí ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́.

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. Tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà yẹn, kì í ṣe fáìlì yín ló kọ́kọ́ ń wá. Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ dísìkì ló ń wò, ibi kan tí kò ju byte 512 lọ, bíi lẹ́tà 512. 446 nínú rẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò kékeré kan tó máa ń pe GRUB. GRUB náà wà ní àlàfo kékeré tó tẹ̀ lé e, òun ló sì máa ń gbé Linux dìde. Lẹ́yìn àlàfo yẹn ni partition, apá dísìkì tí iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀. Partition yẹn nìkan ni RAID tiyín ń dà kọ. Kì í dé ibi tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ dísìkì ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé GRUB síbẹ̀, àṣẹ kan ṣoṣo péré ni: grub-install, pẹ̀lú orúkọ dísìkì náà. Ẹ̀yin òǹtẹ̀wé, bó ṣe rí nìyí: gbogbo ojú ìwé pé, wọ́n dì í, wọn ò wá lẹ èèpo ẹ̀yìn mọ́ ọn, ẹni tó ń wá orúkọ ìwé náà lára pẹpẹ kò rí nǹkan kan kà.

Ní gbogbo ìgbà tí dísìkì òkè ṣì lágbára, kò sẹ́ni tó lè fura, torí orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń gbéra. Òun ló wá kú báyìí. Ọmọ yín ní ó ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, orúkọ rẹ̀ kò sì jáde mọ́ nínú BIOS, ètò tó kọ́kọ́ ń jí tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Ìyẹn ti lọ, ẹ má náwó lé e lórí. Èyí tí wọ́n rà lọ́dún tó kọjá ni BIOS ń rí, òun náà ló sì gbé gbogbo iṣẹ́ yín dání. Kò kàn sí GRUB níwájú rẹ̀ ni.

Nítorí náà, Àǹtí, mi ò ní fi owó kọ̀ǹpútà tuntun ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ti pè mí láti Ìbàdàn, wọ́n ní àlòkù ni mo rà fún ṣọ́ọ̀bù Bàbá, pé ìdí nìyẹn tó fi bàjẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Àpótí rẹ̀ ni àlòkù, èmi àtẹ̀yin la sì jọ fẹnu kò sí i. Tuntun ni dísìkì méjèèjì. Owó ọkọ̀ òfuurufú tí ǹ bá fi wá sí ìrántí Bàbá ni mo fi rà á, ẹ̀yin náà lẹ ní ṣọ́ọ̀bù nílò ẹ̀rọ ju ojú mi lọ. Mi ò fi ṣe ìbínú. Mo kàn ń rán yín létí ni, bóyá ẹ lè bá mi sọ fún wọn.

Ẹ wá fún ọmọ yín ní lẹ́tà yìí kó ka ibi tó kù. Ọmọ yẹn mọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ, àyè ni ẹ kì í fún un.

Ìwọ ọmọ yìí, gba Debian tó kéré, èyí tí wọ́n ń pè ní netinst, sórí flash. Yọ òkú dísìkì yẹn sílẹ̀ pátápátá, dá alààyè padà sínú kọ̀ǹpútà ńlá, kí o wá tan án láti orí flash. Yan Advanced options, kí o yan Rescue mode. Á bi ọ́ ní èdè, keyboard àti network. Dá a lóhùn, kò sí ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀. Tó bá dé ibi tó ti ń béèrè root file system, yan Assemble RAID array, kí o jẹ́ kó tò ó fúnra rẹ̀. Á wá mú /dev/md0 jáde, orúkọ tí Linux fún RAID wa. Yan ìyẹn, kí o ṣí shell nínú rẹ̀, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ.

Kí o tó tẹ nǹkan mìíràn, tẹ cat /proc/mdstat. O máa rí md0, "active raid1", àti nísàlẹ̀ rẹ̀, [2/1] [_U]. Ìlà ilẹ̀ yẹn ni ipò èyí tó kú, U ni èyí tó wà láàyè. Tí o bá ti rí U, sáré lọ sọ fún màmá rẹ, kí wọ́n lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Tẹ lsblk tẹ̀ lé e, òun ló ń to orúkọ gbogbo dísìkì jáde. Fara balẹ̀ níbí, torí flash lè gba orúkọ sda, orúkọ tí Linux ń fún dísìkì àkọ́kọ́, mọ́ dísìkì wa lọ́wọ́. Dísìkì 1TB máa ń hàn ní 931.5G, èyí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiwa, orúkọ rẹ̀ ni kí o lò. Tó bá jẹ́ sda, grub-install /dev/sda. Dísìkì fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe sda1, tó jẹ́ partition inú rẹ̀. Tó bá dáhùn pé "Installation finished. No error reported.", tẹ update-grub, jáde, yọ flash, kí o tún un tàn. Tó bá ṣì kọ̀, wọ inú BIOS lọ wo boot order, bí wọ́n ṣe to dísìkì tí kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ wò, ó lè jẹ́ pé orúkọ mìíràn ló ṣì wà lókè.

Tó bá ti gbéra, kí màmá rẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ìkórè yẹn jáde ná. Kọ̀ǹpútà lè fi dísìkì kan ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́, torí tí èyí náà bá kú, kò sí ẹlẹ́kejì mọ́.

Àǹtí, mo ti fi £60 ránṣẹ́ fún dísìkì kan, ẹ fi ìyókù ṣe owó ọkọ̀. Kí òun fúnra rẹ̀ lọ rà á ní Computer Village ní Ìkẹjà, ní ṣọ́ọ̀bù tó bá ń fúnni ní rìsíìtì. Kó má kéré sí èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn kan á kọ 1TB sára tí wọn ò ní pé iye tí tiwa pé, RAID kò sì ní gbà á. Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá yẹn rà á bá yín. Ẹ má bá a jà o. Eélòó lẹ tiẹ̀ san fún un lọ́dún tó kọjá? Tó bá ń sọ̀rọ̀ owó "data recovery", ẹ sọ fún un pé kò sí nǹkan tó sọnù.

Ọmọ, tí tuntun bá ti wọlé, da bí wọ́n ṣe pín èyí àtijọ́ kọ sórí tuntun: sfdisk -d /dev/sda | sfdisk /dev/sdb. Èyí tó ní iṣẹ́ lórí ni kó wà lápá òsì, òfìfo ni kó wà lápá ọ̀tún. Tún fi lsblk yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó tẹ Enter, torí tí o bá yí wọn padà, ẹkún ló kù. Lẹ́yìn náà, fi tuntun kún RAID: mdadm /dev/md0 --add /dev/sdb1. Á bẹ̀rẹ̀ sí í dà kọ, ó lè gba wákàtí mélòó kan, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí inverter bá ti kún. Wákàtí yẹn léwu jù, torí pé dísìkì kan ṣoṣo ló gbé ohun gbogbo dání, ó sì ń ṣiṣẹ́ kíkan. Kí ẹnikẹ́ni má fi CorelDRAW ṣí fáìlì láti orí rẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Tó bá parí, grub-install lórí méjèèjì. MÉJÈÈJÌ. Kí o wá pa á, yọ wáyà èyí àtijọ́, kí o wò ó bóyá tuntun nìkan lè gbé e dìde. Tó bá gbé e, pa á, so wáyà padà, kí o tún fi --add dá partition àtijọ́ yẹn padà sínú RAID. Àyẹ̀wò yìí ni kò sẹ́ni tó ṣe lọ́dún tó kọjá.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Àǹtí. Dísìkì ìta tí mo fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé sí yín, èyí tí mo ní kí ẹ máa kó iṣẹ́ sí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, níbo ló wà? Mo gbọ́ pé fíìmù ló kún inú rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ ní RAID wà, ẹ ò nílò rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa kàlẹ́ńdà oníbàárà rẹ́, RAID á pa á rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ohun tí ẹ bá ṣe ló ń ṣe. Ti ìta yẹn nìkan ló lè gbà yín nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fíìmù lórí fóònù.

Tí gbogbo rẹ̀ bá parí, fọ́tò kan péré ni mo fẹ́: ìlà tó ní [2/2] [UU]. Owó ilé ìwé tí mo ṣèlérí kò yẹ̀ o, bóyá mo rí fọ́tò tàbí mi ò rí i, parí oṣù ni. Mi ò ní lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ pè mí, lọ́sàn-án, kì í ṣe láàárọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín ló di fóònù mú.

Èmi ni àbúrò yín.