Ẹ̀yin Òǹkọ̀wé, Ẹ Má Kánjú Wo Ọmọ Náà Sàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ìtàn àròsọ nípa ọmọbìnrin tó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí kó má baà sanra wúlò, àmọ́ ibi tí ọmọ náà ti ń sàn ni àwọn òǹkọ̀wé ti ń ba ìtàn náà jẹ́. Ìyá bá a sọ̀rọ̀, ó sunkún, ó jẹ odidi àwo tùwó, ó parí! Ara tí ebi ti ń pa látọjọ́ pípẹ́ kò ṣeé kó oúnjẹ rẹpẹtẹ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́sífétì, èròjà kan tí ara nílò nínú ẹ̀jẹ̀, lè já wálẹ̀, kí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sibítù.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣubú padà sínú àìsàn náà nígbà mìíràn. Ká ní ó jẹ abọ́ wàrà kan tán ní kọ̀rọ̀, ó bú ara rẹ̀, ó fo oúnjẹ alẹ́. Ebi tún lé e padà sídìí wàrà lọ́jọ́ kejì. Èébú yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀. Kó ṣàánú ara rẹ̀ ni pé kó jẹ oúnjẹ alẹ́ yẹn lásìkò, láìsan gbèsè wàrà kankan.

Ní Ìlọrin níbí, abẹ́ ààwẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti lè fara pamọ́, bẹ́ẹ̀ Kùránì (2:184) yọ̀ǹda fún aláìsàn kó má gbààwẹ̀ nígbà àìsàn. Ẹ jẹ́ kí àfáà inú ìtàn sọ ọ́ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ iye kílò rẹ̀ síbẹ̀. Òǹkàwé tó ní àìsàn náà á fi díje.

Òǹkàwé yín,
Ìlọrin