Ẹ̀bẹ̀ Kí Ẹ Bá Wa Ṣí Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́fà Tí Wọ́n Tì ní Alékùwódò

Sí Ọlọ́lá Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Òṣogbo.

Ọlọ́lá,

Àwa oníbátìrì àti oníṣẹ́ inverter ìlú Òṣogbo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láti Ọjà Ọba dé Òkè-Fìà, ilé tí iná ń tàn nígbà tí NEPA bá mú tiwọn lọ, ọwọ́ wa ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti wá. Kò sí ẹgbẹ́ tó wúlò fún ìlú yìí tó tiwa, bí àwọn télọ̀ tilẹ̀ fẹ́ jiyàn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwọn ọkùnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù dé. Wọ́n ní bátìrì mọ́tò oníná tòkunbọ̀ ló jó yàrá ẹnì kan, wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà. A bi wọ́n ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti wá, wọ́n ní ká má yájú. A ò yájú, Ọlọ́lá. A kàn ní bátìrì kan wà lórí ṣájà nínú ṣọ́ọ̀bù kẹta, kí wọ́n jẹ́ ká yọ ọ́. Níṣojú wa ni wọ́n fi àgádágodo sí i. Ẹni tó ní òun ń lé iná ló ti iná mọ́lé yẹn! Onílé ló bá wa pa iná láti ìta, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ inú bátìrì ṣì wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè wò ó bóyá ó ń wú. Wọ́n tún kó bátìrì mọ́kànlá sínú típà, wọ́n tò wọ́n léra bí iṣu, orí wọn ò bò, irin ń kan irin.

Ọmọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ yàrá yẹn ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Módù méje, ìyẹn àkójọ sẹ́ẹ̀lì bátìrì, láti inú mọ́tò oníná Nissan Leaf ló so pọ̀, láìsí BMS, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kí iná má bàa pọ̀ jù fún un. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìnlá nìyẹn lórí ìlà, méjì láti inú módù kọ̀ọ̀kan, 4.2 volt ni òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan, 58.8 ni àpapọ̀. Ó wá fi inverter sílẹ̀ lórí ètò bátìrì olómi, èyí tó lè tì í kọjá 60. Àwa máa ń wọn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, a máa ń da èyí tó wú nù, a máa ń fi BMS àti fíùsì sí i, a kì í sì í gbé e sí yàrá tí ènìyàn ń sùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì jẹ́ ká lọ tú àwọn mọ́kànlá yẹn ká níbi tí wọ́n kó wọn sí. Bí òfin bá máa wà, kí àwa àti àwọn panápaná jókòó ṣe é. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lóṣù náà ti pọ̀ jù, gọ́tà iwájú wa sì ti dí.

Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, ó ṣeé ṣe kí gbogbo wa, tọ̀gá tọmọṣẹ́, wá kí yín ní sẹkitéríàtì lọ́jọ́ Ajé. Inverter ọ́fíìsì yín náà tó yẹ̀ wò lóṣù yìí. A ò tíì mọ ẹni tí yóò ráyè.

Àwa ọmọ yín,
Alága, Akọ̀wé àti Akápò Ẹgbẹ́