Lẹ́tà sí Àǹtí mi, Ìyá Ìbejì

Àǹtí mi,

Kẹ́hìndé pè mí láàárọ̀. Ìrántí ọdún kan yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣe ìwé tí wọ́n máa pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìrìn àjò wa sí Delhi. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ bá wọn lọ, Àǹtí." Mo ti kọ ọ́. Èyí tí mo kọ kì í ṣe èyí tí wọ́n lè kà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé ni, ẹ rántí. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ gbà yín sílé ìwòsàn nítorí orúnkún, ẹ wá ní ẹ ò lè ti Ìbàdàn dé Íńdíà kí ẹ má rí ju ògiri hòtẹ́ẹ̀lì lọ. La bá gba Red Fort lọ, ààfin tí ọba Shah Jahan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1639, tó parí ní 1648. Àṣé wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ Ajé! Ẹ wo géètì, ẹ wò mí, ẹ ní, "Ó dáa, ká kúkú lọ jẹun."

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ló gbé wa wọ Chandni Chowk, ọjà àtijọ́ ibẹ̀. Gbogbo ibi tó bá ti gbò wá lẹ ti ń di orúnkún mú. Ní Paranthe Wali Gali, ọ̀nà tóóró tí èèyàn méjì ò lè ya ara wọn láìfara kanra, àwọn ọkùnrin jókòó ti agbada irin. Wọ́n ń ki pòtétò, ẹ̀wà tútù àti wàrà sínú ìyẹ̀fun àlìkámà, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n ń dín in nínú ghee, bọ́tà tí wọ́n yọ́. Kò sẹ́ran, kò sẹ́ja, kò tilẹ̀ sí àlùbọ́sà. Ẹ ní irú oúnjẹ wo nìyẹn. Ìgbà tí ẹ tọ́ ọbẹ̀ elégédé wọn wò, tí ẹ fi ti àjàgbọn kíkan yẹn lé e, ẹ ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí àwo fi mọ́.

Ibẹ̀ ni obìnrin ará Abẹ́òkúta yẹn ti rí ìró àti bùbá yín, tó ya ọ̀dọ̀ wa. Ẹ kí ara yín tayọ̀tayọ̀. Ó wá wò mí, ó ní, "Àbúrò yín rèé?"

Ẹ ní, "Ó bá mi gbé báàgì wá ni."

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ghee ń ṣàn lọ́wọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ra jalebi fún mi, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n ń dà sínú òróró gbígbóná ní róbótó-róbótó, tí wọ́n ń rì bọ omi ṣúgà. Ẹ ní kí n jẹ ẹ́ kó tó tutù. Ṣé ẹ̀bẹ̀ ni? Àbí ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ sọ nǹkan kan? Bóyá ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ kúkú fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ìyá yín. Èmi ọmọ bàbá ni mo sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Èmi ni mo dì yín mú lọ sí balùwẹ̀. Àwọn tí ẹ jọ mu ọmú kan náà ń pè lórí fóònù, wọ́n ń ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Ẹ sì fi orúnkún yẹn jó níbi ìgbéyàwó Táíwò. Mo ná yín lówó. Bí mo ṣe ń ná yín ni báàgì yẹn ń wá sí mi lọ́kàn.

Orúnkún tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ báyìí. Dókítà ya fọ́tò rẹ̀, ó ní kerekere àárín egungun ti ń jẹ tán. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni mo ń gbé, lánlọ́ọ̀dù tún ti fowó lé ilé. Àánú ara mi ń ṣe mí tí mo bá dúró ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tí mo ń wo òkè.

Bọ̀dá ti kó gbogbo wa jọ lórí ọ̀rọ̀ ìrántí. Wọ́n ní iye kan náà ni kálukú máa dá, ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá. Ẹ ò rí i, Àǹtí mi? Tó bá di ọ̀rọ̀ owó, àbúrò yín ni mí. Mo ti san ìdajì. Inú owó orúnkún ni mo ti máa yọ ìyókù.