Ẹ̀sùn lórí ìwé ìtàn méjì tí ẹ dà pọ̀ mọ́ra wọn

Agbègbè Tákíè,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Alákòóso Ilé Ìtẹ̀wé,

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni òǹkọ̀wé tó gbé ìwé ìtàn àròsọ méjì wá fún yín láti tẹ̀, 300 ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Èkejì dá lórí ogun Ìjàyè. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn mi: owó àpò mi ni mo fi ń tẹ̀wé, èmi náà ni mo sì ń tà á. Síbẹ̀, mo san owó yín pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: iṣẹ́ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ kò ṣeé tà.

Ẹ ṣí ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sí ojú ìwé 128. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan nítòsí yunifásítì LAUTECH, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀kùn. Ẹ wá ṣí i sí 129. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ló jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìbínú sọ fún àwọn ìránṣẹ́ Ọ̀yọ́ pé òun kò ní forí balẹ̀ fún Adélù, ọmọ Aláàfin Àtìbà, torí Àrẹ̀mọ kì í jọba lẹ́yìn baba rẹ̀, ńṣe ló yẹ kó bá Àtìbà kú. Bàbá náà bínú títí dé ojú ìwé 144. Ní 145, wọ́n ti fi ṣẹkẹṣẹkẹ sọ́wọ́ ẹnì kan tí òǹkàwé kò pàdé rí. Inú ìwé ogun kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí Ìbàdàn tó tú Ìjàyè ní 1862, ẹnì kan ti ń wá ibi tí yóò ti ṣáájì fóònù.

Ọ̀nà tó gbà ṣẹlẹ̀ kò fara sin. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ló wà nínú abala kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń tẹ̀ tí ẹ ń ká, nítorí náà abala kẹsàn-án ni 129 sí 144. Ẹni tó ń to abala wo nọ́ńbà nìkan, nọ́ńbà bára mu, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà àyẹ̀wò tí mo buwọ́ lù kí ẹ tó tẹ̀wé wà lọ́wọ́ mi, kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni èsì ọmọọṣẹ́ yín. Ó ní kí n tẹ ojú ìwé mẹ́rìndínlógún tó sọnù náà sórí bébà lásán, kí n máa há a sínú ìwé, ó ṣe tán ìtàn àròsọ ṣáà ni. Ojú ìwé 137 ni ìyá ẹlẹ́kọ ti ṣàkíyèsí pé ìka ọwọ́ oníbàárà òun kan bó yánnayànna, bíi ti ẹni tó fi ọwọ́ lásán pa kóró kaṣú. Ibẹ̀ gan-an ni àṣírí apànìyàn wà! Ta ni yóò ra ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹ̀rí inú rẹ̀ wà lórí bébà tó lè já bọ́ nínú ọkọ̀ Ọ̀yọ́? Òfin sì ní kí n kó ẹ̀dà 3 ìwé kọ̀ọ̀kan fún Ibi Ìkówèésí Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè. Ṣé irú èyí ni kí n kó lọ?

Ẹ̀dínwó lórí iṣẹ́ mìíràn kọ́ ni mo ń wá. Ẹ tún ìwé méjèèjì tẹ̀, kí ẹ sì fi owó ara yín wá kó àwọn tó bàjẹ́ lọ. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ dá owó mi padà pátápátá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń gbé ẹ̀sùn yìí lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lábẹ́ òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ìdáhùn yín wà lórí ìwé pẹ̀lú ìbuwọ́lù ọ̀gá, kì í ṣe lórí WhatsApp.

Èmi ni tiyín,
Òǹkọ̀wé àti oníbàárà yín.